Èló ló yẹ kí n máa san fún ọmọ aládùúgbò tó fẹ́ máa bá mi ṣọ́ ọmọ?

Màmá Méjì, Àkóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ọjọ́ Ajé.

Ọmọ méjì ni mo bí. Ẹ̀gbọ́n ti pé ọdún 4, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Bọ́ọ̀sì iléèwé máa ń já àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní ago méjì ọ̀sán. Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì lè délé kó tó di ago mẹ́fà. Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi mú wọn tẹ́lẹ̀, àmọ́ màmá ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Bàbá àwọn ọmọ kì í sí ní Ìbàdàn láàárín ọ̀sẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nílé kejì sí wa, ọmọ ọdún 16. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán ni, ó ń múra post-UTME. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, àwọn ọmọ mi sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà! Ṣé ọmọ tiyín kọ́ ni? Ẹ ò ní san kọ́bọ̀." Ọkàn mi ò gbà á. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni 15,000 náírà lóṣù, kó máa jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní ó ti pọ̀ jù, ẹlòmíì ní mo fẹ́ fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Èwo ni ká ṣe? Tí mo bá sì lọ òde ní Sátidé, ṣé inú owó yẹn náà ni?

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọmọ o. Kí ẹ tó dárúkọ owó, ẹ ka wákàtí ná. Ago méjì sí mẹ́fà, wákàtí 4. Ọjọ́ márùn-ún, wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Lóṣù, ó lé ní 86. Tí ẹ bá pín 15,000 sí i, nǹkan bíi 173 náírà ni wákàtí kan. Ẹ bọ́ síta kí ẹ bi oní-Micra bóyá ó lè fi 173 náírà gbé yín láti Àkóbọ̀ dé Ìwó Road.

Ohun tí èmi fi ń wọn irú nǹkan báyìí ni owó oṣù tó kéré jù. Ti ìjọba àpapọ̀ di 70,000 ní oṣù keje 2024, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa mú un ní 80,000. Ẹni tó ń gbà á ń ṣe nǹkan bíi wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe, ìdajì 80,000 sì ni 40,000. Mi ò sọ pé òfin mú yín o, òfin náà yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀. Àmọ́ ó sàn ká níbi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ ju ká kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ lọ.

Bàbá Ọmọ Mẹ́rin, Abẹ́òkúta

40,000 kẹ̀! Fún ọmọ tó máa jókòó máa wo kátúùnù pẹ̀lú àwọn ọmọ?

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ládùúgbò mi níbí, tíṣà nọ́sìrì tó ní NCE ń gba 35,000 níléèwé aládàáni, ogún ọmọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àtàárọ̀ sì ni. Ọmọ yìí ò ní wọ mọ́tò, ògiri kan ló là wọ́n láàárín, ó ń jẹun, ó ń fi iná yín cháàjì fóònù. Ẹ fún un ní 15,000, kí ẹ ra aṣọ fún un tí Kérésìmesì bá dé, ẹ ti ṣe dáadáa. Nígbà tiwa, ta ló sanwó fún wa ká tó pọn ọmọ aládùúgbò?

Àǹtí Tíṣà, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi gan-an ni tíṣà tí ẹ ń sọ yẹn. Pé wọ́n ń rẹ́ èmi jẹ kọ́ ló yẹ kí ẹ fi díwọ̀n owó ọmọ ẹlòmíì.

Ẹni tó bá rò pé kátúùnù ni wọ́n fẹ́ máa wò, kó wá mú ọmọ ọdún kan ààbọ̀ fún wákàtí mẹ́rin gbáko. Á gun àga, á jábọ́. Á ti ìka bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ pààrọ̀ páḿpásì tán, kí ẹ tó fọwọ́, ó tún ti yàgbẹ́. Tó bá sùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wá lulẹ̀ létí rẹ̀. Ti ọmọ ọdún 4 kì í ṣe wàhálà, ẹ lè fi bébà àti krayọ́ọ̀nù tù ú nínú. Ẹni kékeré yẹn ni iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n nìkan ni, èmi ì bá ní kí ẹ san ìdajì iye tí Ìyá Ìbejì dá.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí ẹ wádìí. Àkọ́kọ́, ẹ bi iléèwé yín pé èló ni wọ́n ń gbà láti mú ọmọ kan dúró dé ago mẹ́fà. Ẹ sọ ọ́ di méjì. Ohun tí ẹ ì bá máa san tí ọmọ yìí ò bá sí nìyẹn. Ìkejì, ẹ bi ọmọ náà léèrè ohun tó ń ṣe láti ago méjì sí mẹ́fà báyìí. Tó bá jẹ́ pé ìgbà yẹn ló ń lọ lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún fún ìdánwò, owó tí ẹ bá fún un kò ní jẹ́ èrè fún un, torí ẹ ti gba post-UTME lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yí lẹ́sìn sí àárọ̀, tàbí kí ẹ wá ẹlòmíì.

Alájà, Ìlọrin

Àsàlámù aléékùm. Ẹ̀yin ń jà lórí iye, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ iye ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín aládùúgbò. Àìsọ ni. Ànọ́bì wa sọ pé ká san owó alágbàṣe fún un kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ, Bíbélì tẹ̀yin ará ìjọ náà ní alágbàṣe yẹ fún ọ̀yà rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ ọ̀yà náà.

Ìyá ọmọ ní ẹ má sanwó. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi wọ̀ yín. Ìyá Yorùbá wo ló máa lanu lójú ẹsẹ̀ kó ní "Èló lẹ máa san?" fún ẹni tí wọ́n jọ ń kíra láàárọ̀ lálẹ́? Tí ẹ bá gbà á bẹ́ẹ̀, oṣù kìíní á lọ, ìkejì á lọ, tó bá di ìkẹta ẹ óò rí i pé ohùn tí wọ́n fi ń kí yín ti yí padà. Ẹ ò ní mọ ohun tí ẹ ṣe.

Ẹ lọ bá wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Ẹ mú búrẹ́dì tàbí èso dání. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ní: "Ẹ ṣé tí ẹ yọ̀ǹda ọmọ fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbowó lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ san án fún. Ọmọ ni, kó lè fi múra iléèwé. Iye tí agbára mi ká rèé, ọjọ́ tí n óò máa san án rèé, ago tó máa máa padà sílé rèé." Wọ́n á kọ̀. Ẹ tún un sọ. Wọ́n á tún kọ̀. Ẹ má dìde.

Ọmọ SS3 Tẹ́lẹ̀, Agége

Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. Ọmọ ọdún 17 ni mí, ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Mo ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́dún tó kọjá fún ẹbí kan ládùúgbò wa. Wọ́n ní kí n kàn máa jókòó ti ọmọ. Ọmọ ni mo kọ́kọ́ jókòó tì lóòótọ́. Nígbà tó yá, àǹtí ní "Bá mi ṣan abọ́ yẹn tí ọmọ bá ti sùn." Abọ́ di aṣọ, aṣọ di omi, omi di kí n lọ bá wọn lọ ata, ọmọ á sì wà lẹ́yìn mi. Owó ò kúrò ní 10,000. Ago márùn-ún tí wọ́n ní àwọn máa dé, ìgbà míì ó máa ń di mẹ́jọ. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ní "Go-slow ni o, má bínú, Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ." Mo máa ń ṣe àmín. Lẹ́sìn ti lọ nígbà yẹn.

Owó náà gan-an, ọwọ́ màmá mi ni wọ́n ń kó o sí. Mi ò ní màmá mi jẹ ẹ́ o, wọ́n fi ra nǹkan sílé. Àmọ́ mi ò rí i kà, mi ò rí i ná.

Tó bá jẹ́ èmi lẹ bi, kì í ṣe 40,000 ni mo máa kọ́kọ́ béèrè. Mo fẹ́ mọ ago tí mo máa lọ sílé, tí ẹ bá sì pẹ́, kí ẹ fi owó sí i, kì í ṣe àdúrà. Mo fẹ́ kí ẹ bu oúnjẹ mi sọ́tọ̀ kí ẹ tó jáde, kí n má máa wo ojú kúlà. Kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ níṣojú mi pé kí wọ́n gbọ́ tèmi. Tí àlejò bá sì dé, kí ẹ má pè mí ní ọmọ ọ̀dọ̀.

Bàbá Ọmọ Mẹ́rin, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, o ṣeun. Ti abọ́ àti aṣọ yẹn, mo gbà pẹ̀lú ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fọṣọ kó sọ pé aṣọ ni. Ti 40,000 ni mi ò tíì gbà.

Màmá Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Níbí ní London, wákàtí la fi ń ka iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó ń sọ ti oṣù. Iye tó kéré jù tí òfin ní ká san fún òṣìṣẹ́ ọmọ ọdún 16 sí 17 ti di £8 ní wákàtí kan láti April 2026, £7.55 ló jẹ́ lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Òfin yẹn kì í sábà mú ẹni tó kàn ń wá ṣọ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹni tó bá san ohun tó kéré sí i níbí, ojú á tì í. Èmi ń fún tèmi ní £10. Tó bá ti kọjá ago mẹ́wàá alẹ́, £12, a ó sì fi mọ́tò gbé e délé. Kì í ṣe ọkọ mi nìkan ló ń gbé e o, mo máa ń rí i pé obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Ẹ fi ọjọ́ orí sọ́kàn náà. Òfin ibí ò sọ iye ọdún tí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n tí kò bá tíì pé 16, ọrùn ẹ̀yin òbí ni ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ máa wà. Ẹ ò lè ní "Mo fi í lé e lọ́wọ́."

Ibi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ àwọn ọmọ wa níbí ni ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Tí ìṣọ́ òru bá wà, àwọn ọmọbìnrin ọdún 14, 15 ni wọ́n máa ń kó sí yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ bíi mẹ́wàá títí dóru. Owó wọn ni "God bless you". Àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù lórí fóònù nínú kọ́rídọ̀. Ọmọbìnrin kan náà yẹn, tí òyìnbó ilé kejì bá pè é fún wákàtí mẹ́ta, á fún un ní £30, á tún fi pizza sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà a ó máa sọ pé àwọn ọmọ òde òní ò fẹ́ ṣe iṣẹ́ Olúwa.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Maryland

Kí n fi díẹ̀ kún un láti Amẹ́ríkà. Ní Maryland tí a wà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 ò gbọdọ̀ dá wà nílé, ẹni tí ẹ bá sì fi tì í gbọ́dọ̀ pé 13, ó kéré tán. Owó iṣẹ́ tó kéré jù ní ìpínlẹ̀ yìí jẹ́ $15 ní wákàtí, ti ìjọba àpapọ̀ ò kúrò lójú $7.25 láti 2009, òfin àpapọ̀ sì yọ àwọn tó ń ṣọ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àárín méjèèjì là ń rìn.

Èyí tó lè wúlò fún yín nílé: American Red Cross ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún 11 sókè ní ìtọ́jú ọmọdé, títí kan ohun tí wọ́n máa ṣe tí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun. Ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí yẹn, mo máa ń fi dọ́là méjì lé tirẹ̀. Nigerian Red Cross náà ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ san owó ẹ̀kọ́ náà fún ọmọ yìí. Ó máa bá a dé yunifásítì, ọkàn tiyín náà á sì balẹ̀ ní Dùgbẹ̀.

Màmá Méjì, Àkóbọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ Agége yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti bi ọmọ wa léèrè, àárọ̀ ni lẹ́sìn rẹ̀, ago mẹ́wàá sí kan. Ìyẹn ò ní wàhálà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Owó oṣù mi ò pé 150,000. Tí mo bá yọ owó iléèwé, owó mọ́tò àti oúnjẹ, 40,000 ò sí níbẹ̀. Iléèwé tí Àǹtí Tíṣà ní kí n bi, iye tí wọ́n pè lórí ọmọ kan ṣoṣo ti ju 25,000 lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá

Ẹ dín wákàtí kù. Ẹ má dín owó wákàtí kù.

Ẹ bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa tètè lọ ní Jímọ̀, kí ẹ fi ọjọ́ míì dí i fún wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wo ìyá ọlọ́mọ míì ládùúgbò tí ọ̀rọ̀ yín jọra, kí ẹ jọ pín in. Ilé kan, ìdílé méjì, kí kálukú san 22,000 tàbí 23,000. Ọmọ á gbà ju 40,000 lọ, ẹ̀yin náà á mí. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ni kó mọ, nígbà tí ọ̀kan ò tíì pé ọdún méjì. Ẹ má fi ìkẹrin kún un torí owó, ọmọ ọdún 16 ni ẹ ní lọ́wọ́.

Bàbá Ọmọ Mẹ́rin, Abẹ́òkúta

Ẹ ò ṣe kúkú bá a san fọ́ọ̀mù post-UTME àti owó lẹ́sìn, kí ẹ wá fún un ní 10,000 sí àpò? Ohun tí bàbá mi máa ṣe nìyẹn. Owó á jóná, ìwé ò ní jóná.

Àǹtí Tíṣà, Òṣogbo

Ìyẹn dára, tí ọmọ àti ìyá rẹ̀ bá fara mọ́ ọn, tí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó. Fọ́ọ̀mù, ẹ̀ẹ̀kan ni. Lẹ́sìn, oṣù díẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí wọ́n ra bàtà kan fún ọmọ ní oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n máa fi dá a lóhùn títí di Kérésìmesì.

Nọ́ọ̀sì, Ilé-Ifẹ̀

Owó ni gbogbo yín ń sọ, kò sẹ́ni tó sọ ti jẹnẹrétọ̀.

Iye yòówù kí ẹ san, ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀. Àwọn kékeré tí a máa ń gbé sí baranda yẹn, èéfín wọn kì í rùn tó bó ṣe ń pani, àárín wákàtí kan péré ló lè kó gbogbo ilé lọ. Iná bá lọ, kí wọ́n ṣí fèrèsé. Kó má ṣe gbé omi gbóná kọjá níbi tí ọmọ wà, kó má dáná gáàsì tó bá pọn ọmọ. Ẹ se oúnjẹ wọn kalẹ̀ láàárọ̀. Ẹ da omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì nù kí ẹ tó jáde, torí ọmọ ọdún kan ààbọ̀ lè fi orí ṣubú sínú rẹ̀ kó má lè yọ ara rẹ̀. Kerosín-ìn tó wà nínú ìgò, ẹ gbé e sókè réré.

Káàdì fóònù, ẹ̀yin lẹ óò máa rà á, kì í ṣe látinú owó rẹ̀. Ìpè pàjáwìrì ni. Tí abọ́ bá sì fọ́ tàbí tí ọmọ bá ju rìmóòtù sínú omi, ẹ má yọ ọ́ nínú owó rẹ̀ o. Ẹ̀yin náà ti fọ́ abọ́ rí nílé yín, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ nínú owó oṣù yín.

Lọ́yà Kékeré, Ìkẹjà

Màmá Méjì, tìrẹ rọrùn, ọmọ 16 ni, ó ti jáde girama, ó ń sùn nílé ìyá rẹ̀. Nítorí àwọn tó ń kà lẹ́yìn ni mo ṣe fẹ́ sọ èyí. Òfin iṣẹ́ wa ní ẹni tí kò tíì pé 14, owó ojúmọ́ ni ká máa san fún un, kó sì máa padà sọ́dọ̀ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ lálaalẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá yẹn yọ iṣẹ́ inú ilé sílẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ọmọdé ni ẹni tí kò bá tíì pé 18. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 ní dandan ni ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ níléèwé. Tí ẹ bá wá lọ mú ọmọ ọdún 12 wá láti abúlé, tí ẹ ní kó máa ṣọ́ ọmọ nígbà tó yẹ kó wà ní kíláàsì, ẹ má wá béèrè èló ló tọ́ lọ́wọ́ wa. Kò sí iye tó tọ́ níbẹ̀.

Màmá Méjì, Àkóbọ̀

Ẹ ṣé, sà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì náà, mo ti da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì nù kí n tó jókòó kọ èyí. Ìbéèrè kan ló kù: ta ni kí n kó owó náà lé lọ́wọ́? Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo kọjá ìyá rẹ̀.

Alájà, Ìlọrin

Ọmọ ni, níṣojú ìyá. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ìyá pé bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa san án, torí oṣù jìnnà lójú ọmọdé, ó sì jìnnà lápò àgbà náà. Tó bá ti ní àkáǹtì, ẹ ránṣẹ́ síbẹ̀, kí alẹ́ẹ̀tì máa wọlé fún òun fúnra rẹ̀. Tí kò bá ní, ìyá rẹ̀ lè bá a ṣí ti ọmọdé ní báǹkì. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ fi sílé nínú rẹ̀, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ìyá, kí ìyá súre fún un. Ìyẹn yàtọ̀ sí kó máa gbọ́ pé wọ́n ti gba owó òun.

Ẹ tẹ gbogbo àdéhùn yín sórí WhatsApp, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Kì í ṣe àìgbẹ́kẹ̀lé.

Ọmọ SS3 Tẹ́lẹ̀, Agége

Ẹ ṣé mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ti Sátidé náà síbẹ̀ lọ́tọ̀. Ti òwàḿbẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù.

Màmá Méjì, Àkóbọ̀

Ẹ bá mi dúpẹ́. Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lálẹ́ àná, mo ṣe bí Alájà ṣe wí. Wọ́n kọ̀, mo tún un sọ, wọ́n tún kọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè àlàáfíà ìyá ọkọ mi. Mi ò dìde. Nígbà tó yá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Tó bá jẹ́ ti ọmọ ni, kò burú. Àmọ́ kó máa fi 3,000 sọ́wọ́ alájọ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò fẹ́ ọmọ tó ń náwó bí ẹní ń ná yẹ̀pẹ̀."

Ọ̀gá mi ti gbà kí n máa kúrò ní ago kan ní Jímọ̀, n óò máa tètè dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin yòókù láti fi dí i. Nítorí náà, Ajé sí Ọjọ́bọ̀, wákàtí 16. A fẹnu kò sí 7,000 lọ́sẹ̀, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni n óò máa fi ránṣẹ́. Tí mo bá kọjá ago mẹ́fà, 300 lórí ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan. Sátidé tí mo bá lọ òde, 3,000 fún wákàtí márùn-ún, ago mẹ́sàn-án alẹ́ ni òpin. Kò ní fọ abọ́ kankan yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bá fi jẹun. Tí ọdún bá yí, tó bá ṣì wà nílé, a ó tún owó náà wò.

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá

7,000 pín sí 16, ó lé ní 437 ní wákàtí. Ó sún mọ́ nǹkan bíi 460 tí 40,000 tí a fi bẹ̀rẹ̀ já sí ní wákàtí kan. Mo kí yín.

Bàbá Ọmọ Mẹ́rin, Abẹ́òkúta

Ẹ ti ba ọjà jẹ́ fún wa. Ìyàwó mi ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òwúrọ̀, ó ti ń fi ẹ̀rọ ìṣirò ka wákàtí tí àbúrò rẹ̀ ń lò lọ́dọ̀ wa.

Àǹtí Tíṣà, Òṣogbo

Kí a tó tú ká: hólídé gígùn ń bọ̀ ní ìparí oṣù keje. Bọ́ọ̀sì ò ní máa já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní ago méjì. Ṣé ẹ ti sọ ìyẹn?

Màmá Méjì, Àkóbọ̀

A ò sọ ọ́ o. Iléèwé wọn ń ṣe lẹ́sìn hólídé dé ago kan, kíréèshì náà sì máa ń ṣí. Wákàtí kan ló máa lé lójoojúmọ́, mẹ́rin lọ́sẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 1,750. N óò sọ ọ́ di 2,000, kó jẹ́ 9,000. Àmọ́ lẹ́sìn tirẹ̀ náà, ago kan ló ń parí, kò ní ráyè mí. Ẹ jẹ́ kí n lọ bi í bóyá bọ́ọ̀sì lè já wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ná, kó jẹun kó tó gbà wọ́n.